Àparò Mẹ́jọ àti Ilẹ̀kùn Tí Yèyé Kì í Tì

Ọdún tí ọyẹ́ mú jù lọ ní ayé mi ni ọdún tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi pa Yèyé. Mo tètè sọ ọ́ kí n má baà rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí ìtàn bá dé àárín, nítorí mo mọ ara mi. Bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ ilé wa ní Ìkọ̀lé, ariwo odó ni mo máa ń sọ, àti òórùn gààrí tí ìyá mi ń yan lẹ́yìnkùlé, àti bí Yèyé ṣe máa ń fi àdí pa ẹsẹ̀ mi tó sán títí n ó fi máa yọ̀ lórí ẹní. Ibi tó ń dùn mí, mo máa ń fò ó. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Òun, ìyá mi àti èmi la máa ń wà nílé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí oko bàbá mi wà lọ́nà Ìtapàjí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì máa ń wọlé pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi nìkan ni wọ́n bí, ohun tó sì pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ni ẹ̀rù.

Ilé wa ní apá méjì. Apá iwájú jẹ́ búlọ́ọ̀kù, bàbá mi ló kọ́ ọ. Apá ẹ̀yìn jẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá àgbà kọ́ fún Yèyé nígbà tó gbé e níyàwó, páànù ló bo méjèèjì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà, Ògún ló sì bọ títí ó fi kú. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n owú tó ń lu irin lé lórí ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà Yèyé, òkúta dúdú kan tí àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú, ẹnì kankan kì í sì í jókòó lé e. Bí ọyẹ́ bá dé, òtútù a máa mú kí páànù dún lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kan, kan, a dákẹ́ díẹ̀, a tún dún. Ìyá mi ní páànù ló ń sún kì. Èmi ní tèmi mọ̀ pé òòlù ni. Mo mọ ẹni tó ń lù ú, mo sì máa ń ka iye ìgbà tó dún pẹ̀lú aṣọ lórí mi.

Ẹ̀bi Yèyé wà níbẹ̀ díẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, a máa kó ẹyin iná èèpo èkùrọ́ sínú àpáàdì, a gbé e sí ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀ kí egungun rẹ̀ lè gbóná. Èèpo èkùrọ́ kì í rú èéfín púpọ̀ tó bá ti ràn dáadáa, òun náà ni bàbá àgbà fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù ti wù kó mú tó, Yèyé kì í ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń ṣí i sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, a fi òkúta há a. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a fi ń dáná tí a sì tún ń ṣílẹ̀kùn fún òtútù. Yèyé ń pa èkùrọ́ lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Ó ní, 'Bàbá rẹ àgbà a máa wá yá uná. Alágbẹ̀dẹ ò lè gbóòórùn uná kó má yà. Bí o bá tì í mọ́ta, ara ẹ ni ó bínú sí.' Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ju èkùrọ́ kan sí mi lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sùn nínú yàrá Yèyé mọ́ bí ọyẹ́ bá dé. Àyè tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, òkùnkùn ibẹ̀ dúdú ju òkùnkùn ibòmíràn lọ lójú mi.

Ọdún yẹn ni Àǹtí Kọ́pà dé sílé wa. Àgùnbánirọ̀ ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, ó sì gba yàrá kan lọ́wọ́ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ wa máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí Yèyé bá ní 'ulé', á ní 'Màmá, ilé ni o,' Yèyé á sì dá a lóhùn pé, 'Ta ló kọ́ ulé náà, ìwọ àbí èmi?' Òun ló kó ẹyẹ kékeré mẹ́wàá wá nínú páálí, wọ́n rí rọ́bọ́tọ́, àwọ̀ wọn dà bí koríko gbígbẹ. Ó ní kuwéèlì ni wọ́n ń jẹ́, pé ẹyin wọn ń ṣe ara lóore. Yèyé gbé ọ̀kan, ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀. 'Àparò ni,' ó wí. 'Àparò tó kọ oko sílẹ̀ wá gbé ìgboro.' Nígbà tí Àǹtí Kọ́pà ń ṣàlàyé pé ó yàtọ̀ sí àparò inú igbó, pé irú tòun ṣe pàtàkì jù, Yèyé ní kò sí àparò kan tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Àparò ni gbogbo wa sì pè wọ́n láti ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ń pè mí ní ìyá àparò. Èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún wọn kí n tó lọ pọnmi, èmi ni mo ń pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó tí a bù wá láti ilé ìlagi. Akọ kan wà láàárín wọn tí àyà rẹ̀ pọ́n bí epo. Ní àfẹ̀mọ́jú, kí ladani mọ́ṣáláṣí tó gbé ohùn sókè, kí àkùkọ ilé kejì tó jí, òun á ti ké, ohùn rẹ̀ há, ó sì ń gbọ̀n, kú-kú-rìrì. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀rù gbogbo òru náà á fò lọ, nítorí mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, bàbá àgbà sì ti padà síbi tó ti wá.

Nígbà tí ìsinmi Kérésìmesì dé, Àǹtí Kọ́pà fẹ́ lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Ó pè mí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, ó ní ọwọ́ mi lòun fi àwọn ẹyẹ náà sí. Ó ní, 'Bọ́sẹ̀dé, atẹ́gùn ni ọ̀tá wọn. Òtútù lásán kò ní pa wọ́n bí ara wọn bá gbẹ tí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ kanra, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù wọ́n, wọn ò ní pẹ́ kú. Má jẹ́ kí atẹ́gùn kàn wọ́n.' Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ ju bó ṣe rò lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àgbà bá bá mi sọ nígbà náà, bí ẹni pé wọ́n gbìn ín sí mi láyà bí òpó ni.

Ọyẹ́ tó dé lẹ́yìn ọjọ́ tó lọ, n kò rí irú rẹ̀ mọ́. Eruku funfun bo gbogbo ìlú, a kì í rí igi òdòdó tó wà ní ìkángun àdúgbò títí di agogo mẹ́wàá. Ètè ń sán, imú ń ṣẹ̀jẹ̀. Iyán tí a bá gún, kí a tó fi ọbẹ̀ sẹ́nu, ó ti le. Ní òwúrọ̀ kejì, mo bá àparò kan tó nà gbalaja nínú àgò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní òwúrọ̀ kẹta, òmíràn. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò. N kò sunkún, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ń ronú ohun tí n ó sọ fún Àǹtí Kọ́pà tó fi ọwọ́ rẹ̀ lé èjìká mi. Mo lọ bá Yèyé, mo ní, 'Yèyé, wọn yóò kú tán.' Ó ní, 'Kó wọn wá sí yàrá mi. Uná tó ń mú àgbà yá, á mú àparò náà yá.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé àgò àti àparò mẹ́jọ tó kù lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáàdì nínú yàrá Yèyé, ọjọ́ mẹ́ta sì kọjá tí ọ̀kankan kò kú. Akọ náà ń ké ní àfẹ̀mọ́jú, mo sì ń gbọ́ ọ láti yàrá ìyá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo ṣe é. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ọ̀sán, ó ń gbé ewé gbígbẹ káàkiri àgbàlá, páànù sì ti ń dún kí oòrùn tó wọ̀ pàápàá. Yèyé jẹ ẹ̀kọ gbígbóná, ó ní ara òun wúwo, ó tètè sùn. Ìyá mi ń fún ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ yan lọ́jọ́ kejì. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ kó ẹyin iná sí àpáàdì. Mo kó o, mo kún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí àwọn àparò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e sílẹ̀, atẹ́gùn gba àyè ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ìyẹ́ àwọn ẹyẹ náà sì dìde lára wọn. Wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan, wọ́n ń gbọ̀n. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí Kọ́pà ní etí mi. Páànù sì dún lókè orí mi gan-an, kan, kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ó sún mọ́ra ju ti ìgbàkigbà lọ. Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn. N kò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù, nítorí mo gbàgbọ́ pé ẹni tí mò ń bẹ̀rù kì í ṣe ẹni tí a ń fojú rí.

Mo yọ òkúta náà. Mo fi àkísà dí ojú fèrèsé onípákó tó ti là, mo tún fi èyí tó kù dí abẹ́ ilẹ̀kùn láti ìta lẹ́yìn tí mo ti tì í pinpin. Nígbà tí mo parí, ọkàn mi balẹ̀. Èyí ni mo ṣì ń rántí jù títí di òní, ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn. Mo rò pé mo ti ti atẹ́gùn mọ́ta fún àwọn ẹyẹ mi, mo sì ti ti òkú mọ́ta fún Yèyé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, èmi ni. Mo lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, n kò sì bo orí lọ́jọ́ náà.

Mo jí sínú ìdákẹ́rọ́rọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ojú fèrèsé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun. Mo ń retí akọ àparò. Ladani pe ìrun, kò ké. Àkùkọ ilé kejì kọ, òmíràn dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, akọ àparò kò ké. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ní yàrá ẹ̀yìn, n kò sì dìde. Mo ní láti kọ ọ́ báyìí, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí: n kò dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bàbá àgbà ti dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì ti bínú, bí mo bá sì yọjú, èmi ló kàn. Ìyá mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wé aṣọ, ó jáde. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní àgbàlá, fìrì, fìrì, ó ń gbá a bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú. Gbogbo ìgbà yẹn, mo dùbúlẹ̀, mo ń tẹ́tí sí àparò. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbálẹ̀ dúró. Ohùn ìyá mi wá láti ẹ̀yìn, kò pariwo. 'Ta ló ti ọ̀nà Yèyé?' Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, àkísà ìsàlẹ̀ yẹn sì ń há a. 'Bọ́sẹ̀dé, wá.' Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi tó gbọ́ràn. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wọlé. Yàrá náà gbóná, ó ní òórùn kan bí ti irin. Yèyé dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ti bì sára aṣọ. Ìyá mi ń pè é, 'Yèyé. Yèyé mi,' kò dáhùn. Ìyá mi ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo dì í mú, ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń fi àdí pa tèmi, ó rọ̀ ní ọwọ́ mi bí ìṣù ẹ̀kọ. A gbé e jáde, a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owú, nínú òtútù tí mo ti ń fi gbogbo agbára mi dí mọ́ta. Ìyá mi tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nítorí kò rí nǹkan mìíràn. Mo wo inú yàrá lẹ́ẹ̀kan. Àpáàdì ti di eérú. Àparò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dùbúlẹ̀ ní igun kan náà tí wọ́n kóra jọ sí, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kanra, ara wọn gbẹ, atẹ́gùn kankan kò kàn wọ́n.

Oòrùn ti yọ nínú eruku kí Yèyé tó mí kanlẹ̀, tó sì mirí. Ó tún bì. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó bèèrè omi. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú, ó ní, 'Olúwa ló ní kí uná náà ó kú.' Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà kejì wá, ó ní bí iná yẹn bá fi wákàtí kan sí i pẹ́ ni, òkú la ì bá gbé jáde. Lẹ́yìn tó lọ, ìyá mi tún bèèrè, ojú mi ló sì ń wò. 'Ta ló ti ọ̀nà yìí?' Kí n tó mí, Yèyé ti dáhùn láti orí ẹní. 'Èmi ni. Òtútù mú mi. Ogbó ló dé.' Ìyá mi gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ̀ pé àkísà abẹ́ ilẹ̀kùn, ìta ló wà. Mo rí i pé ó mọ̀.

Ó tó ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà kí Yèyé tó pè mí. Ó jókòó nínú oòrùn, ó ń pa èkùrọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń ṣi òkúta lù. Ọwọ́ yẹn kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó ní, 'Kí ló mú ẹ ti ọ̀nà?' Mo ní àwọn àparò ni. Ó ní, 'Kí ló tún kù?' Mo sunkún kí n tó lè sọ ọ́. Mo ní, 'Bàbá àgbà ni mo bẹ̀rù. Ẹ ní ó ń bọ̀ wá yáná.' Yèyé gbé òkúta sílẹ̀. Mo rò pé ó ti bínú. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. 'Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá yá uná. Ẹ̀mí uná ló ń pani. Bí kò bá rọ́nà jáde, a gba ti èèyàn. Báun ni ìyá mi ṣe sọ fún mi, pé òkú ń bọ̀, kí n má baà ti ọ̀nà. Mo rò pé ọmọdé ò lè gbọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́.' Ó mú ọwọ́ mi, ó fi sórí èyí tó ń gbọ̀n. 'Òye ló yẹ kí n kọ́ ẹ. Ẹ̀rù ni mo kọ́ ẹ.'

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ti ronú lórí ìwé èyíkéyìí tí mo kà lọ. Ìyá mi kò bi mí léèrè mọ́ títí di òní. Àǹtí Kọ́pà dé lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n sọ fún un pé ọyẹ́ ló pa àwọn ẹyẹ náà, ó sì ní kí n má sunkún, pé òun ló yẹ kó kó wọn dání. Ẹ̀rù náà kò kúrò lára mi, ó kàn ṣí kúrò níbi tó wà ni. Òkú kò bà mí lẹ́rù mọ́. Yàrá tó móoru tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì ló ń bà mí lẹ́rù, àti ọwọ́ ara mi, pàápàá nígbà tó bá dá mi lójú pé oore ni mò ń ṣe.

Ìlú Ayégbajú ni mo ń gbé báyìí, èmi àti ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin. Ọmọ náà bẹ̀ mí títí mo fi ra àparò mẹ́rin fún un lọ́dún tó kọjá. Mo kan àpótí fún wọn, mo fi koríko gbígbẹ kún inú rẹ̀, mo yí ojú rẹ̀ sí ògiri tí atẹ́gùn kì í gbà, mo sì fi àpò bo orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè mí. Ooru ara wọn tó wọn. Iná kò wọ ibẹ̀. Owú bàbá àgbà ni mo fi há ilẹ̀kùn ilé wa, mo gbé e wá láti Ìkọ̀lé lẹ́yìn ìsìnkú Yèyé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi bi mí pé ta là ń ṣílẹ̀kùn dè. Mo jókòó tì í, mo sọ bí iná ṣe ń jẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá fún un, bó ṣe ń pani lójú oorun tí a kò sì ní mọ̀. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, 'Mọ́mì, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi orí lé itan mi, kò sì pẹ́ tó fi sùn. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, akọ àparò ké. Mo ti jókòó lórí ibùsùn láti ìgbà pípẹ́, mò ń retí rẹ̀.